Yẹ̀kínì àti Kásẹ́ẹ̀tì Tísà

Ọ̀kẹ́ mẹ́sàn-án náírà ni Yẹ̀kínì yá lọ́wọ́ mi. Ẹni tí kò bá mọ ọ̀kẹ́ mọ́, ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́sàn-án ni mò ń wí. Owó pákó ni. Mo ti yà á sọ́tọ̀ láti fi ra igi kí òjò tó ba ọ̀nà oko jẹ́, ni mo wá kó o fún ẹni tó fẹ́ fi ra kọ̀ǹpútà tó dàgbà ju àkọ́bí rẹ̀ lọ.

Àwọn ará Ọjà Igbó, ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, ti ń sọ ọ̀rọ̀ náà bó ṣe wù wọ́n. Àwọn kan ní mo gba ìsọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn kan ní orí rẹ̀ ló dàrú. Kò sí èyí tó jóòótọ́ níbẹ̀. Èmi ni mo ni ìsọ̀ tó háyà, èmi ni mo yá a lówó, ojú mi sì ni gbogbo rẹ̀ ṣe. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí.

Ìrẹsà ni wọ́n ti bí Yẹ̀kínì. Àgbẹ̀ ni bàbá rẹ̀. Ìwé mẹ́fà péré ló kà kí wọ́n tó mú un lọ sí Ọ̀yọ́ láti kọ́ iṣẹ́ rédíò. Nígbà tó gba òmìnira, ó ṣí ìsọ̀ kékeré kan sí ẹ̀bá ọjà Akẹ̀sán, ó kọ “Yẹ̀kínì Ohùn-Kedere” sára pátákó. Ó ń tún rédíò ṣe, ó sì ń gba orin àti wáàsí sórí kásẹ́ẹ̀tì fún àwọn oníbàárà. Kò sí kásẹ́ẹ̀tì tó jáde ní ìsọ̀ náà tí kò ní kọ́kọ́ fi ẹnu ara rẹ̀ polówó sí: “Yẹ̀kínì Ohùn-Kedere, ẹ̀bá Akẹ̀sán! Ẹni tó gbọ́ tiwa kò ní gbọ́ ti ẹlòmíì mọ́!” Gbogbo Ọ̀yọ́ ló mọ ohùn yẹn. Èmi tí mo máa ń gba ibẹ̀ kọjá pẹ̀lú ọkọ̀ pákó nígbà náà, mo mọ̀ ọ́n.

Ìsọ̀ yẹn ni Tísà Adébóyè bá a sí. Tísà ń kọ́ni ní ìṣirò ní ilé-ẹ̀kọ́ girama kan nílùú náà, ó sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìlú òyìnbó dé pẹ̀lú kọ̀ǹpútà kan tó lè wọ inú báàgì ọjà. Ẹ má fojú kọ̀ǹpútà ìsinsìnyí wò ó o. Bọ́tìnnì nìkan ló kún ẹ̀yìn rẹ̀. Kò ní ojú, tẹlifíṣọ̀n ni wọ́n ń so mọ́ ọn kó tó lójú. Kò ní iyè, bí iná bá ti lọ, ó ti gbàgbé gbogbo ohun tí o kọ́ ọ. Inú kásẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ń tọ́jú ètò rẹ̀ sí, irú kásẹ́ẹ̀tì kan náà tí a fi ń gbọ́ orin. Bí o bá fi ètò náà sínú rédíò lásán, ariwo ni wàá gbọ́, kíí-kíí-kíí, bí ìgbà tí wọ́n ń fi irin họ irin. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà mọ ìtumọ̀ rẹ̀.

Iná mànàmáná ti jó ohun tó ń gbé iná wọ inú ẹ̀rọ Tísà. Yẹ̀kínì tún un ṣe. Tísà fẹ́ san owó, Yẹ̀kínì ní òun kò gbowó, kí Tísà ṣáà jẹ́ kí òun tẹ̀ ẹ́ wò. Bí wọ́n ṣe di ọ̀rẹ́ nìyẹn. Ọlidé gígùn méjì ni wọ́n fi jọ ṣe ètò kan tó ń ka òǹkà Yorùbá. O máa tẹ iye tó bá wù ọ́, ẹ̀rọ á sì kọ ọ́ bí àwọn bàbá wa ṣe ń pè é. Tẹ 1986, á kọ “ẹgbàá ó dín mẹ́rìnlá”. Tísà ló ń ro ó, Yẹ̀kínì ló ń tẹ̀ ẹ́. Nígbà tó parí, Tísà ní kí wọ́n kọ orúkọ àwọn méjèèjì sí iwájú rẹ̀, kó máa kọ́kọ́ hàn lójú tẹlifíṣọ̀n: J. Adébóyè àti Yẹ̀kínì ló ṣe é.

Yẹ̀kínì sọ fún mi nígbà kan pé kò tún sí ibòmíràn láyé tí wọ́n kọ orúkọ òun sí pé òun ṣe nǹkan. “Ara pátákó ìsọ̀ ń kọ́?” ni mo bi í. Ó ní, “Ẹni tó kun pátákó yẹn ló kọ ọ́, mo sì sanwó rẹ̀.”

Tísà gba ètò náà sórí kásẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo. Ó wá ṣẹ́ ike kékeré tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Bí ike yẹn bá ti ṣẹ́, rédíò kò ní gbà kí o gba nǹkan mìíràn lé e lórí. Ó ní, “Yẹ̀kínì, mo ti tì í. Kò sẹ́ni tó lè pa á rẹ́ mọ́.”

Ìgbà kò dúró. Kọ̀ǹpútà tó lójú dé, tó níyè. Iná tún jó ti Tísà, ó gbé e sórí kọ́bọ́ọ̀dù, ó sì gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀. Nígbà tí síídì gba ọjà mọ́ kásẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́, Yẹ̀kínì kó wá sí Ògbómọ̀ṣọ́, ó háyà ìsọ̀ mi. Ó ń tún tẹlifíṣọ̀n ṣe. Owó tó bá sì rí, irú kọ̀ǹpútà àtijọ́ bẹ́ẹ̀ ló fi ń rà. Ilé àwọn olùkọ́ fásitì tó ti fẹ̀yìn tì ló ti ń rí wọn, nínú yàrá ẹrù, lábẹ́ ibùsùn, nígbà mìíràn lọ́wọ́ àwọn tó ń ra kọ́ńdẹ́ẹ̀mù, ẹ̀rọ tó ti bàjẹ́. Á tú u, á fọ̀ ọ́, á pààrọ̀ ohun tó bá jóná, á gbé e sórí pẹpẹ. Ó ra páànẹ́ẹ̀lì sólà àti bátìrì nítorí wọn. Ìyàwó rẹ̀, Raliat, tó ń ta ọṣẹ, á kàn dúró lẹ́nu ọ̀nà.

“Àwọn ọmọ òkú rẹ ń kọ́?” ló máa ń bi í.

“Wọn ò kú, wọ́n sùn ni.”

“Ẹni tó bá sùn, a kì í ta ẹran Iléyá nítorí rẹ̀.”

Èmi náà kò gbè é. Mo bi í pé èrè wo ló wà nínú rẹ̀. Ó ní bí gbogbo èèyàn bá da ti ọwọ́ wọn nù, ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò ní lè ka ohun tó wà nínú kásẹ́ẹ̀tì wọ̀nyí, á wá dà bíi pé àwọn tó ṣe é kò wáyé. Mo ní òótọ́ ni, ṣùgbọ́n owó ìsọ̀ ti lé oṣù kan. Ó rẹ́rìn-ín, ó sì san án. Mi ò ní purọ́ mọ́ ọn, ó máa ń sanwó.

Lẹ́yìn ọdún tuntun ni ìròyìn dé pé Tísà Adébóyè ti kú. Yẹ̀kínì lọ síbi ìsìnkú. Ibẹ̀ ni alága ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Tísà àtijọ́, ọkùnrin olówó kan tó ń gbé Àbújá, ti ń ṣèrántí ètò òǹkà yẹn, pé òun rí i lójú tẹlifíṣọ̀n nígbà tí òun wà ní kíláàsì kẹta. Yẹ̀kínì dá sí i, ó ní òun wà níbi tí wọ́n ti ṣe é. Alága ní bó bá lè jí ètò náà dìde kí àwọn ẹgbẹ́ rí i níbi ìrántí, òun á fún un ní ọ̀kẹ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún náírà. “Kí n ṣáà rí i pé ó ń ṣiṣẹ́, àlẹ́ẹ̀tì á wọlé lójú ẹsẹ̀.”

Ni Yẹ̀kínì bá wá bá mi. Kásẹ́ẹ̀tì ẹ̀rọ kan kò bá ẹ̀rọ mìíràn sọ̀rọ̀, gbogbo èyí tó wà lórí pẹpẹ rẹ̀ kò sì ní irú ti Tísà. Àfi kó ra ti Tísà gan-an, pẹ̀lú páálí kásẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Mo ní kí a jọ lọ wò ó.

A wọ ọkọ̀ lọ sí Ọ̀yọ́. Owó ọkọ̀, èmi ni mo san án. Ọmọbìnrin Tísà, Olúwadára, ló ń palẹ̀ ilé mọ́, foonu lọ́wọ́ rẹ̀.

“Ẹ kú àbọ̀ sà. Ẹgbẹ̀rún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni mo fẹ́ tà á fún àwọn oníkọ́ńdẹ́ẹ̀mù lánàá.”

“Àwa náà á san án,” ni mo dáhùn kíá.

Ṣùgbọ́n Yẹ̀kínì ti rí ẹ̀rọ náà lórí ilẹ̀ níbi tí wọ́n gbé e sí. Ó kúnlẹ̀ tì í, ó ń fi etí aṣọ rẹ̀ nu eruku kúrò lára bọ́tìnnì. Omi lé ròrò lójú rẹ̀. Mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀, kò gbọ́. Olúwadára wò ó, ó wo foonu rẹ̀, ó tẹ nǹkan sí i.

“Háà. Ẹ wò ó, Bàbá. Ọ̀ọ́dúnrún pọ́n-ùn ni wọ́n ń tà á o.”

“Níbo?”

“Ní London.”

“Ǹjẹ́ gbé e lọ sí London.”

“Bàbá yìí ń dápàárá. Èmi ò ta á lówó iyọ̀ mọ́. Ẹ mú igba ẹgbẹ̀rún wá.”

A nà án, a fà á, kò sọ̀ kalẹ̀ ju ọ̀kẹ́ mẹ́sàn-án lọ. Omijé Yẹ̀kínì ló ba ọjà náà jẹ́. Ọkùnrin tó ti ń nájà láti kékeré! Mo fà á sẹ́yìn ilé, mo ní kó jẹ́ ká máa lọ, bí a bá dé ẹnu ọ̀nà á pè wá padà.

“Bí kò bá pè wá ńkọ́, Bàbá Ìbùkún? Bó bá tà á fún oníkọ́ńdẹ́ẹ̀mù ńkọ́?”

“O ní ọ̀kẹ́ mẹ́sàn-án?”

“Ẹ yá mi. Bí alága bá san tirẹ̀, ẹ̀ ń gba tiyín, ó sì tún kù fún mi.”

“Bí alága kò bá san ńkọ́?”

Mo ní kó fi gbogbo ẹ̀rọ tó wà lórí pẹpẹ rẹ̀ dógò lọ́dọ̀ mi, kó sì san owó mi kí Iléyá tó kọjá. Ó ní òun gbà. Mo fi owó ránṣẹ́ láti orí foonu mi níbẹ̀, Olúwadára sì fún wa ní báàgì ọjà kan láti fi gbé e. Ó ní ti báàgì, òun kò gbowó.

Ọ̀sẹ̀ mélòó kan ló fi tún ẹ̀rọ náà ṣe. Ó pààrọ̀ àwọn kapásítọ̀ tó ti wú. Ó wá rọ́bà tuntun sí rédíò oníkásẹ́ẹ̀tì, ó fi sípírítì nu ibi tí tápé ń gbà kọjá. Ó gbé tẹlifíṣọ̀n onídìí gígùn kan kalẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan ó ránṣẹ́ pè mí. Mo bá Raliat níbẹ̀. Ó tan ẹ̀rọ náà, ojú tẹlifíṣọ̀n funfun, àmì dúdú kékeré kan sì ń ṣẹ́jú nísàlẹ̀ rẹ̀.

“Ó jí!” ni Raliat wí. Mi ò gbọ́ ọ rí kó fi ohùn bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀ nínú ìsọ̀ yẹn.

Yẹ̀kínì tú páálí kásẹ́ẹ̀tì. Ó rí ti òǹkà náà lójú ẹsẹ̀, ọwọ́ Tísà ló wà lára rẹ̀, yíǹkì aláwọ̀ ewé: ÒǸKÀ. Ó yí ẹ̀yìn rẹ̀ padà láti fi ibi tí Tísà ti tì í hàn wá. Ó gbé e súnmọ́ ojú.

“Kí ló dé?” ni mo bi í.

“Ẹnìkan ki bébà bọ ihò rẹ̀.”

“Kí ni bébà ń ṣe níbẹ̀?”

“Kò sí nǹkan kan,” ló wí. Ó fi kásẹ́ẹ̀tì sínú rédíò, ó tẹ̀ ẹ́.

Ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í ka ohun tó wà níbẹ̀. Ìlà pupa àti ìlà búlúù ń sáré yí etí tẹlifíṣọ̀n po. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, ojú rẹ̀ mọ́, ọ̀rọ̀ sì jáde, lẹ́tà ńláńlá:

ÒǸKÀ YORÙBÁ
J. ADÉBÓYÈ ÀTI YẸ̀KÍNÌ LÓ ṢE É
Ẹ DÚRÓ DÍẸ̀, Ó Ń BỌ̀

Raliat kò kàwé púpọ̀, ṣùgbọ́n ó mọ orúkọ ọkọ rẹ̀ bó bá rí i. Ó fi ìka kàn án lójú tẹlifíṣọ̀n. Yẹ̀kínì ń rẹ́rìn-ín bí ọmọdé. Èmi náà, mo ti ń ṣírò rẹ̀ nínú: ọ̀kẹ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, yọ mẹ́sàn-án kúrò, ó ku mẹ́fà fún un. Mo ní bóyá n kò ní gba owó ìsọ̀ oṣù yẹn.

A dúró. Ìlà tó ń sáré dúró. Kò sí nǹkan mìíràn tó jáde. Tápé ṣì ń yí.

“Jẹ́ ká gbọ́ ohun tó ń kà,” ni Yẹ̀kínì wí, ó sì fa wáyà yọ lára rédíò kí ohùn lè bọ́ síta.

Kì í ṣe kíí-kíí la gbọ́. Ọkùnrin kan ló ń pariwo, ọ̀dọ́mọkùnrin, ẹnu rẹ̀ dá ṣáṣá:

“Yẹ̀kínì Ohùn-Kedere, ẹ̀bá Akẹ̀sán! Ẹni tó gbọ́ tiwa kò ní gbọ́ ti ẹlòmíì mọ́!”

Lẹ́yìn náà ni dùùrù bẹ̀rẹ̀, tí ẹgbẹ́ akọrin ìjọ kan sì gbé orin ìkórè.

Orin náà lọ, ó parí, òmíràn bẹ̀rẹ̀. Raliat ló na ọwọ́ pa á.

Yẹ̀kínì wá ṣàlàyé fún mi. Lọ́dún tí kásẹ́ẹ̀tì tuntun wọ́n bí ojú, àwọn oníbàárà a máa mú ti ilé wọn wá kí wọ́n lè san owó ìgbàsílẹ̀ nìkan. Ìyàwó Tísà, kí Ọlọ́run tẹ́ òun náà sí afẹ́fẹ́ rere, kó mẹ́ta wá pé kí wọ́n gba orin ìkórè ìjọ wọn sí i. Bóyá ó gbọ́ kíí-kíí nínú ọ̀kan, ó rò pé ó ti bàjẹ́. Yẹ̀kínì kò gbọ́ ọ wò. Gbogbo oníṣẹ́ ìgbàsílẹ̀ ló mọ ohun tí wọ́n ń ṣe sí kásẹ́ẹ̀tì tí wọ́n bá ti ṣẹ́ ike rẹ̀: wọ́n á ya bébà, wọ́n á ká a, wọ́n á ki í bọ ihò, rédíò á sì gbà. Ọgbọ́n kan náà ni gbogbo wọn ń lò. Bí wọ́n bá ti kó o jọ báyìí, kò sẹ́ni tó máa ń wo ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀. Kò tilẹ̀ dá tápé padà dé ìbẹ̀rẹ̀ kó tó gbà á. Ìdí nìyẹn tí orúkọ rẹ̀ fi kù síbẹ̀.

“Ṣé o ò lè tún ètò náà kọ?” ni mo bi í.

“Tísà ni orí, èmi ni ọwọ́. Ọwọ́ ló kù yìí.” Ó wo ọwọ́ náà. “Ó ṣe iṣẹ́ rẹ̀.”

Mo pe alága ní Àbújá fúnra mi. Mo ní orúkọ àti àkọlé ti jáde, bóyá ó lè fún wa ní ìdajì. Ó ní, “Bàbá, ta ló ń sanwó ilẹ̀kùn tí kò ní ilé?” Ó pa foonu mọ́ mi létí. Mo pe Olúwadára pé kó dá díẹ̀ padà nínú owó wa. Ó ní ẹ̀rọ lòun tà, òun kò ta ohun tó wà nínú kásẹ́ẹ̀tì. Mo ṣe àṣìṣe, mo sọ bó ṣe jẹ́ fún un. Ó rẹ́rìn-ín ẹ̀gàn. “Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ náà ló wà, sà. Ẹ bá mi kí i.”

N kò bá a kí i.

N kò béèrè owó mi lọ́wọ́ Yẹ̀kínì. N kò sì ní kó má san án. Igi ń wọ́n sí i lójoojúmọ́, àwọn kápẹ́ńtà ń ti ọ̀dọ̀ mi kọjá sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Bí mo bá ń gba iwájú ìsọ̀ rẹ̀ kọjá, mo máa ń kí i, ó máa ń dáhùn. Àwọn ẹ̀rọ náà wà lórí pẹpẹ. Kò tan ọ̀kankan mọ́.

Nígbà tí Iléyá ku díẹ̀, mo rí ọmọlanke níwájú ìsọ̀ náà. Shamsudeen, tó ń ra kọ́ńdẹ́ẹ̀mù ní Sábó, ló dé pẹ̀lú òṣùwọ̀n rẹ̀. Mo sáré sọdá.

“Yẹ̀kínì, ọ̀dọ̀ mi ni àwọn ẹrù yìí dógò sí. Ta ló ní kí o tà wọ́n?”

“Owó yín náà ni mò ń wá, Bàbá Ìbùkún.”

“Mú wọn lọ bá ẹni tó mọ iyì wọn. Ọmọ tó wà ní Ọ̀yọ́ yẹn ní wọ́n ń rà á ní London.”

“Ǹjẹ́ ẹ gbé e lọ sí London,” ló wí. Ọ̀rọ̀ mi ló dá padà fún mi. Kò rẹ́rìn-ín.

Ó ń gbé wọn fún Shamsudeen lọ́kọ̀ọ̀kan. Shamsudeen ń fi òòlù là wọ́n lójú wa, ike sí apá kan, pátákó oníwáyà inú wọn sí apá kejì, nítorí iye wọn kò dọ́gba. Ti Tísà náà lọ. Nígbà tó kan kásẹ́ẹ̀tì tí wọ́n kọ ÒǸKÀ sí, Shamsudeen gbé e sọ́wọ́ wò, ó mirí.

“Bàbá, èyí ò wúwo. Mi ò lè san nǹkan kan lé e.”

“Mo fi ta ọ́ lọ́rẹ,” ni Yẹ̀kínì wí. Ṣùgbọ́n kó tó jù ú sínú àpò, ó fi ìka fa bébà yẹn yọ nínú ihò rẹ̀.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, òun àti Raliat wá bá mi nídìí pákó. Wọ́n ti kó ẹrù ìsọ̀ kúrò, wọ́n ń lọ sí Ìrẹsà, ó ní oko kajú bàbá òun ń fẹ́ ẹni tó máa ro ìdí rẹ̀. Ó gbé ọ̀rá dúdú kan sórí tábìlì mi.

“Ẹ kà á.”

Kọ́ńdẹ́ẹ̀mù mú ẹgbẹ̀rún mẹ́rìnléláàádọ́rin wá. Ó ta páànẹ́ẹ̀lì àti bátìrì ní àádọ́rin. Ẹgbẹ̀rún mẹ́rìndínlógójì tó kù, owó kéékèèké ni, ó ń rùn lọ́ṣẹ. Mo mọ̀ ọ́n. Àjọ Raliat ni, tó ń dá láti fi ra páànù sórí ilé.

“Raliat, èyí lè dúró di ìgbà tí kajú bá jáde.”

“Kò ní dúró, Bàbá. Ẹ gbà á. Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni tún pe orúkọ ọkọ mi nítorí nǹkan yẹn.”

Mo kà á. Ọjà ń pariwo lẹ́yìn wa, ayùn ń la igi, àwọn méjèèjì dúró. Mo tún un kà nítorí pé àwọn ogún náírà wà níbẹ̀ tó lẹ̀ mọ́ra.

“Ó pé?” ni Yẹ̀kínì bi mí.

“Ọ̀kẹ́ mẹ́sàn-án. Ó pé.”

Ó mú ọ̀rá dúdú náà, ó ká a, ó fi sápò. Raliat ti ń lọ níwájú sí ibùdókọ̀.